Súpà Nìkan Ni Ọkọ̀ Mi Ń Mu

Bébà yẹn kò gbẹ.

Cecilia Adédiwúrà fi ìka méjì dì í mú, ó nà án sí oòrùn àárọ̀, ó ń dúró. Igun ìwé ìròyìn àná ni, ibi tí kò sí ọ̀rọ̀ kankan ló ya. Ó ti kán epo láti inú táǹkì Pijó sí i, ó sì ti ka ìṣẹ́jú márùn-ún lórí aago ọwọ́ rẹ̀. Bẹntiróòlù tó mọ́ kì í pẹ́ lórí bébà. Bí atẹ́gùn bá ti kàn án, á gbéra, á lọ bí àlejò tí kò bá oúnjẹ nílé. Èyí jókòó. Ó ràn ká bí ọ̀rá àkàrà, ó sì ń dán.

"Kẹrosíìnì," ló sọ, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ẹ ò rí i? Ẹ ò rí i bí?" Ọkùnrin tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ lọgun, ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tutọ́ sí gọ́tà. "Mo sọ fún yín! Ọmọ yẹn fẹ́ pa ẹ̀gbọ́n mi ni!"

Lójú títì Ìkòròdú ni, ní Mile 12, oṣù ààwẹ̀ ọdún 1975. Títì yẹn ò tíì rí báyìí nígbà náà. Ọkọ̀ méjì ló lè kọjá lára wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, igbó ṣì wà lápá kan, ìrì àárọ̀ á sì wà lórí koríko títí aago mẹ́jọ. Pijó 504 funfun dúró gbagidi láàárín títì náà, bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀ là sílẹ̀, èéfín ṣì ń yọ díẹ̀díẹ̀. Ìdí rẹ̀ ti wọlé. Lọ́rì alálùbọ́sà kan tó ń bọ̀ láti òkè ọya ló kọ lù ú nígbà tó ṣàdédé húkọ́, tó ta èéfín, tó sì kú síwájú rẹ̀ láìkìlọ̀.

Ẹni tó ni ọkọ̀ jókòó lórí apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Alhaja Modinat ni, olórí àwọn tó ń ta ata lọ́pọ̀ ní Mile 12. Orí rẹ̀ gbá dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó fi gèlè di iwájú orí, kókó tó wú níbẹ̀ sì tó ẹyin adìẹ.

"Bí lọ́rì yẹn ò bá tètè tẹ búréèkì," ló wí, ohùn rẹ̀ ò lọ sókè rárá, "ìrun òkú ni ẹ̀ báá máa kí lé mi lórí báyìí."

"Láti ọwọ́ ẹni tí ẹ ń bọ́!" Ọkùnrin tó ń tutọ́ yẹn ni. Gafar lorúkọ rẹ̀, àbúrò Alhaja, abẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n ń gbé ní Ìkòsì. Ó wọ jalàbíà funfun, àbàwọ́n pupa kékeré kan wà ní àyà rẹ̀. Cecilia rí i, ó sì mójú kúrò. Ní Mile 12, láàárín ata àti tòmátì, ta ni kò ní àbàwọ́n pupa lára? Ó rí itọ́ náà pẹ̀lú. Ẹni tó ń gbààwẹ̀ kì í fẹ́ gbé itọ́ mì, gbogbo ènìyàn ló mọ bẹ́ẹ̀. Onígbàgbọ́ ni Cecilia, kì í wo ẹ̀sìn ẹlòmíràn ní ìwò àwòfín.

Ẹni tí gbogbo ẹnu ń bú ńkọ́? Sájẹ́ǹtì Rahmon ti dì í ní ṣòkòtò mú. Rùfáì lorúkọ rẹ̀, dírẹ́bà Alhaja, ọmọ Ìsẹ́yìn, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún.

"Madam, ẹjọ́ ti tán," ni Rahmon wí. "Bí wọ́n bá ti kírun àyìlá tán, màá kọ ọ́ ránṣẹ́ sí kóòtù. Láísẹ́nsì ẹ̀ á bá ìwé lọ, wọ́n á fagi lé e."

"Aunty, ẹ gbà mí," ni Rùfáì wí. "Ọdún mẹ́fà ni mo fi jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ kí n tó gba ìwé yẹn. Bí wọ́n bá fagi lé e, ọwọ́ mi méjèèjì ni wọ́n gé."

Cecilia ká bébà náà, ó fi í sínú báàgì. Inspẹ́kítọ̀ ni, àgọ́ ọlọ́pàá Kétu ló ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá rẹ̀ wa lọ́rì láti Ìbàdàn lọ sí Kánò títí ọjọ́ ogbó dé bá a. Kò fi ilé sílẹ̀ fún un, kò fi oko sílẹ̀. Etí ló fi sílẹ̀ fún un.

"Aago mélòó ni wọ́n ń kírun àyìlá lónìí?"

"Aago méjì, Madam."

Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ló lù.

*

Ní sẹ́ẹ̀lì, Cecilia fa àga kan, ó jókòó kọjú sí Rùfáì.

"Irú epo wo lo rà lánàá?"

"Súpà ni, mà."

"Níbo?"

"Ilé epo Kétu. Mo tò fún wákàtí mẹ́ta."

"Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí o dé ilé?"

"Alhaja wà níbẹ̀. Bọ̀dá Gafar náà wà níbẹ̀, wọ́n ń fọ ọkọ̀ wọn. Alhaja bi mí pé kí ni mo rà, mo ní súpà ni, táǹkì ti kún."

"O wolẹ̀ nígbà tí o pe súpà."

Ó tún wolẹ̀.

"Rùfáì, àìpẹ́ ni wọn á pe ìrun. Bí o bá máa parọ́, parọ́ kíákíá kí n lè ráyè ṣe nǹkan mìíràn."

Ọmọkùnrin náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Rẹ́gúlà ni, mà, epo tó rẹlẹ̀ sí súpà. Kò sí súpà níbì kankan. Alhaja sì ti búra, wọ́n ní ọjọ́ tí rẹ́gúlà bá kan ọkọ̀ àwọn lẹ́nu, ọjọ́ náà ni àwọn á wá dírẹ́bà míì. Wọ́n ní Pijó àwọn kì í jẹ àjẹkù. Kí ni kí n ṣe? Kí n jẹ́ kí ata jẹrà ní Ìkòròdú? Mo ra rẹ́gúlà, mo lọ bá Fàsásì mẹkáníìkì pé kó bá mi yí táímìn ẹ̀ padà, àsìkò tí iná ń ṣẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì, kí epo yẹn má bàa da ẹ́ńjìnnì láàmú. Ìyàtọ̀ owó ẹ̀ wà lábẹ́ máàtì ọkọ̀, mi ò fọwọ́ kàn án."

"Ta ló tún mọ̀ pé rẹ́gúlà ni?"

"Èmi, Fàsásì, Ọlọ́run."

"Èmi ìkẹrin. Kó dúró síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá bi ọ́, pa ẹnu ẹ mọ́, àfi bí èmi bá bi ọ́ lójú gbogbo ayé."

Nígbà tó jáde, Rahmon ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn kántà. "Ó ti jẹ́wọ́, àbí?"

"Ó jẹ́wọ́ irọ́ kan," ni Cecilia wí. "Mo ń wá kẹrosíìnì, irọ́ nìkan ni mo tíì rí."

Ṣùgbọ́n bó ṣe ń rìn lọ, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ẹni tó lè parọ́ orúkọ epo, kí ló dé tí kò ní lè parọ́ ohun tó dà sí i?

*

Lándírófà àwọn ọlọ́pàá wà lẹ́yìn ilé láti ọjọ́ Ajé, adìẹ ti ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Kò sí epo. Ẹsẹ̀ ni Cecilia fi rìn dé ilé epo Kétu.

Ìlà ọkọ̀ ti gùn títí ó fi kọ́ kọ̀rọ̀. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára pátákó pé kò sí súpà. Súmbọ̀, ọmọbìnrin tó ń fa epo, jókòó lórí agolo, ó fi aṣọ wé orí bí ẹni tó fẹ́ jà.

"Aunty, mo ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Wọ́n ní àwa là ń da kẹrosíìnì pọ̀ mọ́ epo. Kẹrosíìnì wo? Igi ni èmi fúnra mi fi ń dáná nílé! Ẹ wo ojú mi bó ṣe pọ́n."

"Kán díẹ̀ fún mi."

Súmbọ̀ kán rẹ́gúlà sórí bébà tuntun. Cecilia nà án sóòrùn. Kí ó tó ka ìṣẹ́jú méjì, bébà ti funfun padà, ó gbẹ fínífíní, ìlà kankan kò kù lára rẹ̀.

"Mo wí i," ni Súmbọ̀ wí.

"Súpà ńkọ́?"

"Láti ọjọ́ Àìkú, Aunty, a ò rí i lójú. Láti ibí dé Mẹ́ńdè, ẹ lọ wò ó."

"Ògùdù ńkọ́?"

Súmbọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ògùdù! Àwọn ọ̀gá Ògùdù ló tò síwájú yẹn. Ẹ wo èyí tó wọ kóòtù. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ní òun ò lè fi rẹ́gúlà sí ọkọ̀ òun. Lónìí, ó ń bẹ̀ mí kí n jọ̀wọ́ fún òun ní ohunkóhun tó bá ń jò."

Ó kù sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Fàsásì Yàkúbù wà lábẹ́ lọ́rì kan létí pápá, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Cecilia kò tíì pè é tí ojú rẹ̀ fi bọ́ sórí àwo irin fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan, omi dúdú kún inú rẹ̀, àwọn irin ọkọ̀ rì sí i. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Kí lẹ fi ń fọ irin yìí?"

"Kẹrosíìnì ni, mà," ni ohùn kan wí lábẹ́ lọ́rì. "Ẹ ń retí kí n fi lọ́fínńdà fọ̀ ọ́ ni?"

"Ẹ jáde wá."

Fàsásì jáde, ó rí aṣọ ọlọ́pàá lára Cecilia, ó dìde gìrì. Ó jẹ́wọ́ pé Rùfáì gbé Pijó wá lọ́sàn-án àná, òun sì yí táímìn rẹ̀ padà bí rẹ́gúlà ṣe fẹ́. Nígbà tí Cecilia tọ́ka sí àwo náà, ó gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, inú sì bí i.

"Mà, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ká ní èmi ni mo da kẹrosíìnì sí i lọ́sàn-án. Ọkọ̀ yẹn gbé Alhaja lọ kí àṣámù lálẹ́ àná. Ó gbé wọn padà. Mo wà ní mọ́ṣáláṣí, mo rí i. Ó ń kùn bí ológbò ni. Ṣé kẹrosíìnì á dákẹ́ láti ọ̀sán títí dalẹ́, kó wá rántí láàárọ̀ pé kẹrosíìnì ni òun?"

Cecilia dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó pọ̀ fún un ju bí Fàsásì ṣe rò lọ. Ilé epo mọ́. Ọkọ̀ dára dé mọ́ṣáláṣí, ó dára padà délé. Lẹ́yìn àṣámù, Rùfáì a máa fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí yàrá rẹ̀ ní Ṣàngìṣà, ọkọ̀ á sì sùn sí ọgbà Alhaja. Láàárọ̀, ìwọ̀nba epo dáadáa tó kù nínú kábúrétọ̀ ló gbé e jáde. Kò tó máìlì méjì tó fi kú. Ohun tó ṣe é, inú ọgbà yẹn ló ti ṣe é.

"Ọ̀rọ̀ kan ló kù, Fàsásì. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ èyí tó ń fẹ́ súpà, tí èèyàn wá fún un ní rẹ́gúlà, tí kò sì yí táímìn rẹ̀?"

"Lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n jẹ́ kó kọjú sí òkè, kí dírẹ́bà tẹ̀ ẹ́. Á máa dún kí-kí-kí-kí, bí ẹni tó ń mi èkùrọ́ nínú agolo."

Bàbá Cecilia a máa sọ bẹ́ẹ̀ gan-an. Agolo àti èkùrọ́. Ó dúpẹ́, ó kọrí sí Ìkòsì.

*

Ilé Alhaja ní Ìkòsì ní ọgbà gbòòrò, igi máńgòrò kan, àti ilé ìdáná lẹ́yìn. Karimot, ìyàwó ọmọ Alhaja, ló bá níbẹ̀, ó ń fẹ́ iná igi, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ ní sítóòfù, ẹ sì ń fi igi dáná?"

"Ẹ má dá mi lóhùn, Aunty. Nígbà sààrì, kẹrosíìnì wà ní ìdajì kẹ̀ẹ̀gì yẹn. Èmi ni mo fọwọ́ mi tan sítóòfù. Mo padà wá ní aago mẹ́jọ láti se ẹ̀kọ fún àwọn ọmọ, ó ti gbẹ táútáú. Ṣé sítóòfù ń mu ún ni?"

"Ta ló sùn kẹ́yìn lẹ́yìn sààrì?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́? Bọ̀dá Gafar ni. Àwọn ló ń jí wa, àwọn ló ń ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀sìn jinlẹ̀ lára wọn."

Cecilia yí ojú ká ilé ìdáná. Ìgò epo pupa kan wà lójú fèrèsé, kò ní ìdérí. Epo ti ṣàn sílẹ̀ lára rẹ̀, ó sì tún kán sí ojú fèrèsé, kò tíì dì.

"Kí lẹ fi epo pupa sè?"

Karimot wò ó, ó fajú ro. "A ò se nǹkan kan. Èmi ni mo fi ìdérí sí ìgò yẹn lálẹ́ àná. Bóyá ọmọdé ni."

"Ọmọdé wo ló ń mu epo pupa nígbà tí ṣúgà wà nílẹ̀?"

Karimot rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Cecilia ò rẹ́rìn-ín. Ó ń rántí ibùdókọ̀ kan ní Jẹ́bà, nígbà tí òun wà ní kékeré, àti ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ bàbá rẹ̀ tó fi ẹnu fa epo nínú rọ́bà, tó ṣèèṣì gbé e mì. Bàbá rẹ̀ ò pe dókítà. Epo pupa ló wá kiri fún un, ó ní kó mu ún, kó pa oró tó wà nínú rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ yẹn ni ọmọ náà fi tutọ́.

Ó tutọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Nínú ilé tí gbogbo àgbà ti pa ẹnu dé láti ìdájí, ta ló mu epo pupa?

"Aunty Inspẹ́kítọ̀!" Gafar ló ń bọ̀ lẹ́yìn ilé, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ń dún ní ìka rẹ̀. Ó ti pààrọ̀ jalàbíà. "Ṣé ẹ ṣì ń wá ohun tó ti wà lọ́wọ́ yín ni? Ẹ jẹ́ kí n gbé yín dé Kétu. Obìnrin bíi tiyín kò yẹ kó máa fẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn."

"Ẹ ṣeun. Ẹsẹ̀ ń dùn mí gan-an ni."

Ọkọ̀ Opẹ́ẹ̀lì rẹ̀ dúdú, ó ń kọ mànà bí bàtà àwọn ṣọ́jà. Nígbà tí Cecilia jókòó, ojú rẹ̀ lọ sí aago epo. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkè.

"Ẹ kú oríire o. Gbogbo Èkó ń tò, táǹkì tiyín kún."

"Ẹni tó bá mọ ibi tí nǹkan wà ló ń rí i." Gafar yí sítíárín pẹ̀lú ìka kan. "Ògùdù ni mo ti rà á, àná, lọ́wọ́ alẹ́."

"Rẹ́gúlà?"

Ó yíjú sí i bí ẹni tí wọ́n bú ìyá rẹ̀. "Èmi kẹ̀? Súpà nìkan ni ọkọ̀ mi ń mu! Láti ọjọ́ tí mo ti gbà á, rẹ́gúlà ò tíì kàn án lẹ́nu. Ọkọ̀ tí mo fẹ́ gbé lọ sọ́dọ̀ àwọn àna mi ní Ìjẹ̀bú lọ́jọ́ Sátidé, kó lọ máa húkọ́ lójú wọn? Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Ìkòsì."

"Mo gbà yín gbọ́," ni Cecilia wí, ó sì gbà á gbọ́.

Wọ́n dé ìdí òkè, níbi tí ọ̀nà ti ń gòkè láti Ìkòsì sí Kétu. Gafar tẹ ọkọ̀. Cecilia fi orí ti àga, ó di ojú bí ọmọ tí wọ́n ń pa àlọ́ fún.

Kí-kí-kí-kí-kí.

Èkùrọ́ nínú agolo. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ìdajì òkè, ó ń lé wọn lọ, ó sì dákẹ́ nígbà tí wọ́n dé orí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ó la ojú. Gafar ti fajú ro, ó tẹ etí sílẹ̀, bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń wúkọ́ láìmọ ìdí.

"Láàárọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀," ló kùn, ó yọ orí síta, ó tutọ́. "Bóyá òkúta ni."

"Bóyá," ni Cecilia wí.

Ọkọ̀ kì í parọ́, ni bàbá rẹ̀ máa ń wí, ẹni tó ń wà á ni. Ṣùgbọ́n èyí tó yà á lẹ́nu ni pé lórí ọ̀rọ̀ súpà, ẹni tó ń wà á gan-an kò parọ́. Òtítọ́ ni pé ó gbà pé súpà ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ra rẹ́gúlà lójú pátákó á mọ̀ pé rẹ́gúlà ni. Níbo ni èèyàn ti lè gbé rẹ́gúlà, kó sì fi gbogbo ọkàn rẹ̀ pè é ní súpà? Ní gbogbo Ìkòsì, táǹkì kan ṣoṣo ni.

*

Aago méjì kọjá díẹ̀. Wọ́n ti kírun. Alhaja Modinat jókòó sí àgọ́ ọlọ́pàá, bándéèjì funfun wà níwájú orí rẹ̀. Gafar dúró tì í. Sájẹ́ǹtì Rahmon ti fi ìwé síwájú, láísẹ́nsì Rùfáì wà lórí rẹ̀, ó sì ti mú bírò.

"Madam, ṣé kí n kọ ọ́?"

"Mú Rùfáì wá ná."

Wọ́n mú un wá. Ó wo láísẹ́nsì rẹ̀ lórí tábìlì bí ẹni tí ń wo òkú.

Cecilia tẹ́ bébà méjì síwájú Alhaja. "Èyí tó mọ́ yìí, ilé epo Kétu ni. Èyí tó ní ọ̀rá yìí, inú táǹkì yín ni. Ẹnìkan bu kẹrosíìnì sí i láàárín sààrì àti òwúrọ̀, nínú ọgbà yín."

"Ta ló tún ń fọwọ́ kan ọkọ̀ náà bí kò ṣe òun?" ni Gafar wí. "Ó lè yọ́ padà wá láti Ṣàngìṣà. Ta ló ń ṣọ́ ọ?"

"Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀," ni Cecilia wí. Ojú Rùfáì rọ. "Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ bi í lójú ẹ̀yin méjèèjì. Rùfáì, gbé ohùn sókè kí Alhaja gbọ́. Lánàá, epo wo lo rà sínú ọkọ̀ Alhaja?"

Rùfáì wo Alhaja. Ó wo Cecilia.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mà. Rẹ́gúlà ni. Gbogbo rẹ̀ pátá, rẹ́gúlà ni."

Alhaja la ẹnu, ṣùgbọ́n kò tíì sọ̀rọ̀ nígbà tí Gafar bẹ́ síwájú.

"Rẹ́gúlà? Ìwọ ọmọ yìí! O dúró lójú mi lánàá, o ní súpà ni! Òpùrọ́! O fẹ́ pa ẹ́ńjìnnì mi ni? Abájọ tó ń—"

Ó fọwọ́ bo ẹnu.

Níta, ẹnìkan ń pọn omi, okùn ń ké lórí kànga. Rahmon gbé bírò kúrò lórí ìwé díẹ̀díẹ̀.

Alhaja kò yíjú. Ó ń wo bébà méjèèjì tó wà níwájú rẹ̀.

"Gafar," ló wí. "Epo tí ọmọ yìí rà sínú ọkọ̀ mi, báwo ló ṣe kan ẹ́ńjìnnì tìẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo..."

"Èmi ni mo bi ọ́."

"Ó ń gun òkè bí agolo èkùrọ́," ni Cecilia wí jẹ́ẹ́, "nítorí ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ fà, kì í ṣe súpà. Ó gbé díẹ̀ mì nígbà tó ń fà á. Itọ́ tí gbogbo wa pè ní itọ́ ààwẹ̀, itọ́ bẹntiróòlù ni. Ó mu epo pupa sí i, àwọn dírẹ́bà àtijọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Epo náà ló kán sára jalàbíà àárọ̀. Ó sì fi kẹrosíìnì Karimot dí ohun tó fà, kí aago epo Pijó má bàa sọ̀ kalẹ̀."

Gafar jókòó sórí bẹ́ńṣì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó jókòó. "Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni kú. Mo rò pé Pijó lè mu díẹ̀, bí lọ́rì ṣe ń mu nǹkan. Àwọn àna mi ń retí mi. Ọjọ́ kẹrin rèé tí mo ti ń wá súpà kiri."

"O sì jẹ́ kí wọ́n ti ọmọ ọlọ́mọ mọ́lé," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

"Mo rò pé wọ́n á kàn lé e lọ ni."

"O mu epo pupa," ni Alhaja wí, "lẹ́yìn àsùbáà, o wá jáde, o ń tutọ́ káàkiri bí ẹni Ọlọ́run." Ó fọwọ́ kan kókó orí rẹ̀. "Ìyẹn, ìwọ àti Ẹlẹ́dàá ẹ lẹ máa sọ ọ́. Èyí, Sájẹ́ǹtì ni kí o bá sọ ọ́."

Rahmon wo Cecilia. Ó ya ojú ìwé tó wà níwájú rẹ̀, ó ká a, ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. "Orúkọ yín, sà?" ló bi Gafar, ó sì fi ìka ti láísẹ́nsì sí etí tábìlì.

Rùfáì ò tètè mú un. Ojú Alhaja ló ń wò.

"Ìwọ náà, òpùrọ́ ni ọ́," ni Alhaja wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Mo búra pé n ó lé ẹni tó bá fi rẹ́gúlà sí ọkọ̀ mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. "Ká ní súpà lo rà lóòótọ́, òkè yẹn ò ní sọ nǹkan kan, ẹ̀wọ̀n ni ìwọ ìbá wà. Mú ìwé ẹ." Ó na ọwọ́ sí Gafar láìwò ó. "Kọ́kọ́rọ́. Ta ló ra Opẹ́ẹ̀lì yẹn fún ọ, ṣé o ti gbàgbé ni?"

Cecilia ti gba ìgò epo kan nínú táǹkì Opẹ́ẹ̀lì náà fún ẹ̀rí, ó jẹ́ kí wọ́n gbé e. Dókítà kan ní Ògùdù ni Alhaja fẹ́ kó wo orí òun. Cecilia dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rí i bí Rùfáì ṣe nu ọwọ́ lára ṣòkòtò kí ó tó di sítíárín mú. Kò ṣí ọkọ̀. Ó yíjú sẹ́yìn.

"Alhaja, ẹ má bínú, mà. Rẹ́gúlà ló wà nínú èyí o. Màá rọra gun òkè."

"Mo gbọ́," ni Alhaja wí. "Máa wà á."

Títì ò ní ariwo nígbà náà. Èèyàn lè dúró ní Kétu kó fi etí sin ọkọ̀ kan lọ tó jìnnà. Cecilia gbọ́ ọ bó ṣe yà, bó ṣe kọjá lára àwọn tó ń tò fún epo, bó ṣe kọjú sí òkè, bí Rùfáì ṣe já a sí jíà kejì, tí kò sì tẹ̀ ẹ́. Ó dúró, ó ń retí èkùrọ́ nínú agolo.

Kò gbọ́ ọ. Ọkọ̀ náà kàn ń kùn, ó ń lọ, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, títí ó fi kọjá sí ẹ̀yìn òkè.